Adé Oòrùn àti Mímì Rẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó lè yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ nípa oòrùn. Ṣùgbọ́n èdè tí ó gba àlàyé ìlù àti ọ̀ṣán rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá ní apá kan ilẹ̀ Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ funfun kan máa ń yí òṣùpá dúdú náà ká. Ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní corona. Adé oòrùn ni èmi yóò máa pè é. Gáàsì ni. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bíi 5,500 digírì Celsius, ṣùgbọ́n adé rẹ̀ lé ní 1,000,000. Ìyanu gbáà ni, nítorí ẹni tí ó bá ń kúrò nídìí ààrò kì í bá ooru pàdé níwájú. Àwọn onímọ̀ gbà pé agbára òòfà oòrùn ni ó ń gbé ooru náà lọ sókè.

Agbára òòfà yìí kan náà ni ó to gáàsì náà bí okùn. Àwọn okùn náà á yọ láti ojú oòrùn, wọn á tẹ̀ bí òṣùmàrè, wọn á sì tún wọlé padà. Láti òkèèrè, a ó ṣebí ẹyọ kan ni okùn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ̀ ti jẹ́ ọṣùṣù.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1998, sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ TRACE ń ya àwòrán oòrùn nígbà tí iná bú gbàù lójú rẹ̀. Àwọn okùn tí ó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọ̀kan tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 130,000 kìlómítà ń lọ, ó sì ń bọ̀, láàárín ìṣẹ́jú 4 ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi dùndún ṣe àpẹẹrẹ. Bí onílù bá fún ọ̀ṣán, ohùn á lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ mọ ìlù kò ní láti fọwọ́ kan ọ̀ṣán kí ó tó mọ bí ó ti le tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti oòrùn. Bí agbára òòfà bá pọ̀, okùn á yára mì. Bí gáàsì inú rẹ̀ bá wúwo, yóò falẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ gígùn okùn, àkókò mímì rẹ̀ àti bí gáàsì rẹ̀ ti ki tó, lè ṣírò agbára tí ojú kò rí.

Síbẹ̀, fọ́nrán kan kì í dá mì. Bí a bá gbọn igi ọwọ̀ kan nínú ọṣùṣù, àwọn yòókù á gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni mímì fọ́nrán kan ń ran èkejì. Ẹni tí ó bá kà wọ́n sí ẹyọ kan lè ṣi ìṣirò.

Kí ni èrè rẹ̀? Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì láti inú oòrùn pa iná mànàmáná ìpínlẹ̀ Québec ní Kánádà fún nǹkan bíi wákàtí 9. Inú agbára òòfà yìí ni irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ohun tí a kò bá lè wọ̀n, báwo ni a ó ṣe kìlọ̀ nípa rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ àyálò tí mo lò kò pọ̀. Bí a bá lè fi Yorùbá sọ ti oòrùn, kí ni a tún ń dúró dè?