Ìdí tí dókítà fi ń yọ ọkà àti ẹ̀wà kúrò nínú oúnjẹ aláìsàn

Ní ìlú Sókótó, tùwó ọkà bàbà, fùrá tí wọ́n fi jéró ṣe àti àkàrà ẹ̀wà jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́.

Síbẹ̀, bí inú bá ń run ènìyàn léraléra, dókítà lè ní kí ó yẹra fún ọkà àti ẹ̀wà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, kí ó sì dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ èyí tó ń dà á láàmú.

Àlìkámà àti ẹ̀wà ní irú ṣúgà kan tí ìfun kékeré kì í lè dà. Bó bá dé ìfun ńlá, ó máa ń di afẹ́fẹ́, inú á sì wú.

Àlìkámà tún ní gluten, tó ń ba ìfun àwọn alárùn celiac jẹ́. Lọ́dún 1950 ni Willem Dicke, dókítà ọmọ Netherlands, ṣàlàyé ìpalára àlìkámà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ọkà bàbà àti jéró kò ní gluten. Bí a bá rẹ ẹ̀wà, tí a da omi rẹ̀ nù kí a tó sè é, ṣúgà náà á dín kù.

Kò yẹ kí òbí fúnra rẹ̀ gba gbogbo oúnjẹ yìí lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀wà ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí agbára wọn kò ká ẹran gbójú lé. Àìjẹunrekánú sì wà lára ohun tó ń fa noma, àrùn tó ń jẹ ojú ọmọdé, tí ilé ìwòsàn kan ní Sókótó ń tọ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún celiac gbọ́dọ̀ ṣáájú yíyẹra fún àlìkámà.