Fọ́tò Inú Fóònù àti Ìkòkò Òkelélé

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ya àwòrán nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọrin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti fọ́tò. Ẹni náà á wá fọ́tò olórin kan tàbí ti ìyá rẹ̀ jáde nínú fóònù, á fa ìlà òró àti ìlà ìbú lé e lórí títí yóò fi pín sí ojú kéékèèké, á fa iye ojú kan náà sórí káàdìbọ́ọ̀dù, á wá máa dà á kọ lójú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì kò ní ariwo nínú. Ẹni náà á jókòó síwájú ìkòkò, bàtà tàbí àga, á sì máa ya ohun tó wà níwájú rẹ̀. Pẹ́ńsù kan náà ni wọ́n ń lò, àmọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń rí kọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Fọ́tò ní iyì tirẹ̀. Kì í mira, kì í sọ pé ó ti rẹ òun, ibi tí a fi í sí lánàá la ó bá a lónìí, bí bátìrì kò bá ṣáà ti kú. Ó ń kọ́ ọwọ́ ní sùúrù. Ó ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé HB ló dára fún ìlà àkọ́kọ́, 2B fún ibi tí òjìji ti fẹ́ẹ́rẹ́, 6B fún ẹyinjú àti ihò imú. Ìlọrin sì nìyí: ọmọ ilé kéwú tó ti da ohun tí àfáà kọ sórí wàláà kọ mọ̀ pé dídà kọ kì í ṣe olè. Ìyìn rẹ̀ tún máa ń yá. Láìpẹ́ jọjọ, aládùúgbò á ti máa pariwo pé "Ó mà jọ ọ́ o!", ẹlòmíràn á sì ní kí wọ́n bá òun ya tòun, òun á sanwó. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Kareem Waris, ọmọ ọdún 11, ya Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, Emmanuel Macron, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì ní New Afrika Shrine l'Ékòó. Ta ni yóò rí irú ìyẹn tí kò ní wá pẹ́ńsù kiri?

Ẹ wá gbé ìkòkò kan kalẹ̀. Ẹ dúró, kí ẹ bojú wò ó látòkè: ẹnu rẹ̀ rí róbótó. Ẹ jókòó sórí àpótí, kí ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹnu náà kò róbótó mọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, etí iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ bo etí ẹ̀yìn. Ẹ wá wo ìwé olùbẹ̀rẹ̀. Róbótó ló yà á! Ó mọ̀ pé ẹnu ìkòkò rí róbótó, ohun tó mọ̀ ló sì yà, kì í ṣe ohun tó rí. Á tún fa ìlà gbọọrọ sí ìdí ìkòkò, nítorí ó mọ̀ pé orí ilẹ̀ ló wà, bẹ́ẹ̀ ìdí náà tẹ̀ kọrọdọ lójú ẹni tó bá wò ó dáadáa.

Oògùn rẹ̀ kò ju pẹ́ńsù lọ. Ẹ na apá tán, ẹ di ojú kan, ẹ fi pẹ́ńsù wọn fífẹ̀ ẹnu ìkòkò, kí ẹ fi àtàǹpàkò sàmì síbi tó parí sí. Ẹ wá yí pẹ́ńsù sí òró, kí ẹ wo ìlọ́po mélòó ìwọ̀n yẹn ni gíga ìkòkò jẹ́. Ibi tí fọ́tò ti ń jẹ wá níyà nìyí: kámẹ́rà ti bá wa ṣe gbogbo ìwọ̀n yẹn tán kí fọ́tò tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó ti ya ojú èèyàn rẹpẹtẹ láti inú fóònù lè kọsẹ̀ lára ìkòkò kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi dídà kọ ṣe yẹ̀yẹ́ yóò kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ Àìná Onabolu. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1882, àwòrán inú ìwé àwọn Òyìnbó ló sì ń dà kọ láti kékeré, láìsí olùkọ́. Nígbà tó fi máa di 1906, ó ti ya ìyáàfin Spencer Savage, iṣẹ́ tí wọ́n ṣì ń dárúkọ títí dòní. Àmọ́ ó lọ kàwé ní London lọ́dún 1920, nígbà tó sì padà dé, ohun tó tẹnu mọ́ jù fún àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó ni bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ìnagijẹ nítorí rẹ̀. Òun náà ló jà fitafita kí ìjọba fi gba Kenneth Murray, Òyìnbó olùkọ́ àwòrán, wá lọ́dún 1927. Murray kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fara wé Òyìnbó. Ìgbésí ayé abúlé wọn ló fẹ́ kí wọ́n máa yà. Àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ràn láti máa fi àwọn méjèèjì ṣe alátakò. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn dúró sídìí dídà kọ.

Yíyà níta ní wàhálà tirẹ̀ tí fọ́tò kò ní. Ẹ ṣáà jókòó síwájú ilé onílé pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ wò ó bí wọn kò ní rò pé ìjọba ló rán yín wá sàmì sí ilé náà fún wíwó. Àwọn ọmọ á yí yín ká, oòrùn á máa ṣí òjìji nípò. Àwọn àfáà kan kò sì fẹ́ kí a máa ya ohun ẹlẹ́mìí. Ẹni tó bá wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan pàdánù, nítorí mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1981 wà ní Ìlọrin pẹ̀lú ilé-ìṣọ́ mẹ́rin gàgàrà, òkúta ìlọ irin sì wà ní Ìdí-Àpé. Ẹni tó jẹ́ pé ojú èèyàn gan-an ló wù ú lè lọ sí Ẹ̀sìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta ti jókòó sínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn yẹn kì í mira bíi fọ́tò, ojú ara ẹni la ó sì fi wọ̀n wọ́n.

Ìkòkò ni mo fọwọ́ sí fún olùbẹ̀rẹ̀. Fọ́tò lè tẹ̀ lé e nígbà tí ẹnu ìkòkò bá ti ń tẹ́ bó ṣe yẹ lórí ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ẹbu Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Òkelélé n'Ílọrin, ìwé ìkọ̀wé kan àti pẹ́ńsù 2B kan tó. Ẹ kí àwọn ìyá amọ̀kòkò pé "Ẹ kú iṣẹ́ o", ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó jókòó, ẹ má sì ya ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn láìjẹ́ pé wọ́n gbà.