Kọ̀ǹpútà Linux tó ń falẹ̀: ẹ má tíì ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ wo káàdì àwòrán rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí ń gbé wá bá wa léraléra, láti Sábó ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ tí àwọn rà fún àwọn ọmọ, tí àwọn fi Linux sí, kò yára mọ́. Bí wọ́n bá gbé mouse, ọfà tó wà lójú kọ̀ǹpútà á máa wọ́ tẹ̀lé e. Fáànù rẹ̀ ń ké bíi pé ó ń lọ àgbàdo. Bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Èyí tó ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu jù ni pé ẹnikẹ́ni kò fi ṣe nǹkan kan lásìkò náà. Ó kàn wà ní títàn lásán ni.

Ọ̀pọ̀ ilé ti ń wá owó kọ̀ǹpútà mìíràn nítorí èyí. Àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ohun tí ojú wa rí, àti ọ̀nà tí òbí tàbí ọmọ tó ti gbọ́njú lè gbà yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Bí Linux ṣe wọ ilé wa

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni Windows 11 kò gbà, nítorí wọ́n ti pẹ́. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi Linux sí i. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, a kì í sanwó rẹ̀. Ubuntu, tó jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, jáde ní ọdún 2004. Inú èdè àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Òun ni a lò nínú àlàyé wa yìí.

Iṣẹ́ tí káàdì àwòrán ń ṣe

Òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó yẹ kí ẹ dá mọ̀. Èkíní ni CPU, òun ló ń ṣe ìṣirò gbogbo. Èkejì ni káàdì àwòrán, tí wọ́n ń pè ní GPU, òun ló ń ya ohun tí ojú yín ń rí. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, wọ́n kọ́ GPU mọ́ inú CPU ni, bí ó ti rí lára ọ̀pọ̀ ti Intel. Nínú òmíràn, káàdì ọ̀tọ̀ ni, bíi ti NVIDIA tàbí AMD.

Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ máa ń gba àwòrán ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwòrán kan bá pẹ́ kí ó tó dé, ojú wa á rí i bíi pé kọ̀ǹpútà ń ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n. Ohun tí à ń pè ní fífalẹ̀ nìyẹn.

Ẹ rántí wàláà tí a fi kọ́ kéwú. Bí iṣẹ́ tí alùfáà kọ sí i kò bá tíì yí padà, ọmọ kò ní fọ̀ ọ́. Yóò jókòó, yóò máa kà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì àwòrán. Bí nǹkan kan kò bá yí padà lójú kọ̀ǹpútà, ó yẹ kí ó sinmi. Ṣùgbọ́n bí ohun kékeré kan bá ń mira lójú rẹ̀ ṣáá, ńṣe ló máa dà bí ọmọ tí wọ́n ní kí ó fọ wàláà kí ó tún un kọ, ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ti Ìkòròdú: káàdì tó ń ṣiṣẹ́ láìníṣẹ́

Láptọ́ọ̀pù Intel kan ni a fi ń to ìròyìn ní Ìkòròdú. A so ojú kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ọn, a sì ṣí ojú ewé kan tó ń fi àsìkò ìrun hàn sórí rẹ̀, kí gbogbo wa lè máa rí i. Ó wuyì. Òṣùpá ń rìn lójú rẹ̀, ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá sì ń kà sílẹ̀ sí ìrun tó kàn.

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Níhìn-ín ní Ìkòròdú ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Ẹ̀gbìn wà, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ inverter ló ń gbà wá ní ọ̀pọ̀ alẹ́. Inverter tó máa ń gbé wa láti Aláásárì kọjá Ìṣáì wá ń kú kí a tó kí Ìṣáì. Oníṣẹ́ kan wò ó, ó ní káàdì àwòrán ló ti ń kú, pé kí a lọ pààrọ̀ pátákó inú rẹ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà. A ti ka owó sílẹ̀.

Kí a tó jáde, a ní kí a fi ojú ara wa wò ó. A fi nvtop sí i, ètò kékeré kan tó ń fi iṣẹ́ káàdì àwòrán hàn. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ GPU wà ní ìdá 38 nínú 100. A bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ojú fèrèsé tó wà ní ṣíṣí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a pa ojú ewé àsìkò ìrun, iye náà já sí 3. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fáànù dákẹ́. Káàdì kò kú. Òṣùpá tó ń rìn ni kò jẹ́ kó sinmi. Ní báyìí, a ti tẹ àsìkò ìrun sórí ìwé, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ti Ẹ̀pẹ́: káàdì tí kò ṣiṣẹ́ rárá

Ilé-kéwú kan wà ní Ẹ̀pẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, tí àwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, nítorí orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Káàdì NVIDIA wà nínú rẹ̀. Òun náà ń falẹ̀, fáànù rẹ̀ ń ké. Àwọn òbí ti ń dá owó jọ láti ra òmíràn, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní kí a bá àwọn wò ó.

A rò pé bí tiwa ni yóò rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́, nvtop kò tilẹ̀ rí káàdì kankan, CPU ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú. A wá tẹ glxinfo -B. Níwájú ibi tó kọ OpenGL renderer, orúkọ NVIDIA ló yẹ kí a rí. Llvmpipe ni a rí.

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yìí, llvmpipe, ẹ mọ̀ pé káàdì àwòrán ti jókòó, CPU ló ń ya àwòrán dípò rẹ̀. CPU lè yà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí káfíńtà máa rán aṣọ.

Kí ló fà á? Káàdì NVIDIA nílò driver, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín Linux àti káàdì. Kọ̀ǹpútà náà ní ìṣọ́ kan tó ń jẹ́ Secure Boot, tí kì í jẹ́ kí driver tí a kò fọwọ́ sí wọlé. Nígbà tí wọ́n fi driver tuntun sí i, tí wọ́n sì tan kọ̀ǹpútà náà padà, ojú búlúù kan yọ tó ń béèrè ìfọwọ́sí. Ẹ̀rù ba ọmọ tó wà nídìí rẹ̀, kò tẹ nǹkan kan. Bí ènìyàn kò bá tètè tẹ nǹkan, ojú búlúù yẹn á kọjá lọ fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni driver ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí kò ráyè wọlé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. A tẹ sudo mokutil --import /var/lib/shim-signed/mok/MOK.der, a fún un ní password tuntun kan, a sì tan kọ̀ǹpútà padà. Nígbà tí ojú búlúù yọ, a yan Enroll MOK, lẹ́yìn náà Continue, lẹ́yìn náà Yes, a tẹ password yẹn, ó parí. Glxinfo wá pe orúkọ NVIDIA. Wọ́n dá owó àwọn òbí padà fún wọn.

Ẹ kíyè sí i: àmì kan náà ni kọ̀ǹpútà méjèèjì fi hàn, ṣùgbọ́n ìdí wọn yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀kan, káàdì ń ṣiṣẹ́ láìníṣẹ́. Èkejì, káàdì kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá fi oògùn ọ̀kan wo èkejì kò ní rí ìwòsàn.

Ẹ má jẹ́ kí iye yìí tàn yín jẹ

Ohun mìíràn tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú ni pé wọ́n á rí ìdá 30 tàbí 40 nínú 100, wọ́n á sì rò pé ó ti bàjẹ́. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Bí káàdì kò bá níṣẹ́ púpọ̀, á dín eré rẹ̀ kù láti fi iná pamọ́. Eré tó ń sá lọ́wọ́lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ìdá yẹn.

Ẹ wo télọ̀ tó ní ẹ̀rọ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ lásán, ẹ̀rọ kan ló ń lò. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ ní ìdajì ọjọ́, á ní òun fi ìdá 50 ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ó tú mẹ́wàá sílẹ̀. Ìdá 50 ti ọjọ́ lásán kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdá 50 ti Iléyá. Nítorí náà, ẹ wo eré káàdì náà, tí wọ́n ń fi MHz kà, àti iná tó ń jẹ, tí wọ́n ń fi wáàtì kà. Fún NVIDIA, nvidia-smi á fi wáàtì hàn lórí ọ̀pọ̀ káàdì. Bí eré bá lọ sílẹ̀, tí wáàtì kéré, tí kọ̀ǹpútà kò sì gbóná, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí eré bá wà lókè tí ẹnikẹ́ni kò ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni ó yẹ kí ẹ wádìí.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nílé

Èkíní, ẹ ṣí Terminal, kí ẹ tẹ sudo apt install nvtop mesa-utils. Dátà díẹ̀ ló máa jẹ.

Èkejì, ẹ tẹ free -h. Bí available bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí swap sì ti kún, ìrántí kọ̀ǹpútà ló kéré, kì í ṣe ọ̀rọ̀ káàdì. Ẹ pa ohun tó pọ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ glxinfo -B. Bí ẹ bá rí llvmpipe, ọ̀rọ̀ driver ni. Bí driver NVIDIA kò bá sí nínú rẹ̀ rárá, ẹ tẹ sudo ubuntu-drivers install, kí ẹ sì tan kọ̀ǹpútà padà. Bí ojú búlúù bá yọ, ẹ má sá fún un.

Ẹ̀kẹrin, bí orúkọ káàdì bá wà níbẹ̀, ẹ tẹ nvtop, kí ẹ pa àwọn ètò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo iye náà. Bí ó bá jẹ́ Firefox ni, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́ẹ̀sì, yóò fi ojú ewé tó ń jẹ agbára hàn. Lórí Chrome, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ pa àwọn àfikún tí ẹ fi ṣe ojú kọ̀ǹpútà lọ́ṣọ̀ọ́, pàápàá èyí tó ń mira. Bí ẹ bá so ojú méjì mọ́ ọn, tí ọ̀kan jẹ́ 144 Hz tí èkejì jẹ́ 60, ẹ fi méjèèjì sí 60 ná, kí ẹ wò ó bóyá káàdì yóò sinmi.

Ìkẹfà, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun lórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá yára níbẹ̀, ètò inú àkáǹtì àtijọ́ ló lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn update ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí Advanced options for Ubuntu nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn, kí ẹ yan kernel tó ṣáájú.

Ìkeje, ẹ wo eruku. Fáànù tí eruku dí á jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóná, kọ̀ǹpútà tó bá sì gbóná á dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ẹ má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ìrọ̀rí.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Ẹ̀kẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó ní sudo níwájú ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ni sudo. Kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ àwọn ọmọ sórí flash kí ẹ tó yí ohunkóhun padà.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì yí padà, ìgbà náà ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí glxinfo àti nvtop sọ sórí ìwé, kí ẹ gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Oníṣẹ́ tó bá rí i pé ẹ ti wo inú ọ̀rọ̀ kò ní tètè ní kí ẹ ra pátákó tuntun. Owó tó kù nílé, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ni. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ohun ìní wa.