Orúkọ Ìyá Nínú Ìwé Ìjọba: Ìtọpinpin Ìdílé Ìyá Láti Inú Àkọsílẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn Yorùbá bá sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn: ilé bàbá àti ilé ìyá. Oríkì tí ìyá àgbà fi ń pọ́n ọmọ lé kì í sábà fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà pọ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bàbá ni wọ́n fi ṣe òpó rẹ̀. Orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́, orúkọ ọkọ ni ìyàwó ń jẹ́. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, obìnrin kan a wọ ilé ọkọ, orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ a sì di ohun tí à ń fi fìtílà wá. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú iṣẹ́ yìí ni ibi tí orúkọ náà fara pamọ́ sí, ọdún tí ìwé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde, àti àṣìṣe tí ó lè gbé olùwádìí lọ sí ilé onílé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí wọ́n lọ kàwé ní Ìlú Ọba ní àárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn kan mú ìyàwó Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ wálé. Òfin tí ó wà nígbà náà ni pé bàbá ni ó lè fi ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú sílẹ̀ fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ìyá kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983, tí òfin ọdún 1981 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin, kí àwọn ọmọ tí a ti fi ẹ̀tọ́ yìí dù lè wá forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ìyá Gẹ̀ẹ́sì bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965 gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni òun í ṣe, àti pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí ìyá náà. Níbẹ̀ ni ìtọpinpin ìdílé ti kúrò ní ìtàn lásán.

Ìwé-ẹ̀rí Mẹ́ta, àti Ohun tí Wọ́n Mọ̀ nípa Ìyá

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, láìka ìjọ tí oníkálukú ń lọ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ́jísírà ni ẹrù ìforúkọsílẹ̀ ìbí wà ju ọrùn òbí lọ, ìdí nìyí tí a kò fi rí àwọn ọmọ kan nínú ìwé. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1874, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1875, ni ó gbé ẹrù náà lé òbí lórí, tí ó sì fi owó ìtanràn kún un.

Nínú ìwé-ẹ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti ìbí ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá ìdílé ìyá fẹ́ràn jù lọ. Àyè kan wà nínú rẹ̀ fún orúkọ ìyá, tí ó fi orúkọ tí ó ń jẹ́ nílé ọkọ hàn àti èyí tí ó ń jẹ́ kí ó tó wọ ilé ọkọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó máa ń wà láàárín méjèèjì: formerly, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ ni ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ìyá náà bá ti fẹ́ ọkọ mìíràn rí, ọ̀rọ̀ late ni wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ ọkọ àkọ́kọ́, kí formerly tó tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ olùwádìí tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí ni ó ti sọ orúkọ ọkọ àkọ́kọ́ di orúkọ bàbá obìnrin, tí wọ́n sì wá a lọ sí ìdílé tí kò bá a tan.

Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó ni ó ń tan ènìyàn jù. Ó kún: orúkọ ọkọ àti ìyàwó, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn, ibi tí wọ́n ń gbé, orúkọ bàbá ọkọ àti iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i yóò rò pé gbogbo ẹbí ni ó pé síbẹ̀. Kò sí ìyá kankan níbẹ̀. Láti ọdún 1837 títí di ọdún 2021, ìyá lè jókòó ní ìlà iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Kò sí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìyá. Kì í ṣe pé nǹkan náà kò ṣeé ṣe. Scotland tí ó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1855 ń kọ orúkọ àwọn ìyá àti orúkọ ìdílé tí wọ́n ti wá sínú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìyá ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ará Glasgow, kí ó dúpẹ́.

Ti ikú kò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Obìnrin tí ó wà nílé ọkọ, ìyàwó lágbájá ni wọ́n sábà ń pè é nínú rẹ̀, tàbí opó lágbájá. Oṣù kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ kí ó tó lọ́kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí a bí i.

Kí a tó lè béèrè fún ìwé-ẹ̀rí, a ní láti wá orúkọ nínú atọ́ka, tí wọ́n pín sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òfin fún òbí ní ọjọ́ 42 láti fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí náà ọmọ tí a bí ní oṣù kẹta lè wà nínú atọ́ka tí ó parí sí oṣù kẹfà. Nínú atọ́ka àtijọ́, ìdá kẹta ọdún 1911 ni orúkọ ìdílé ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ń wá John Smith kan láàárín àwọn John Smith kò rí ohun dì mú. Ní ọdún 2016, iléeṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba gbé atọ́ka mìíràn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó fi orúkọ ìyá hàn láti ọdún 1837. Ní èrò tiwa, kò sí ohun tí ó yí iṣẹ́ yìí padà tó èyí: bí a bá ti mọ orúkọ ọkọ àti orúkọ ìdílé aya, a lè kó gbogbo ọmọ wọn jọ lójú ẹsẹ̀, títí kan àwọn tí wọ́n kú ní kékeré tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ wọn mọ́. Níbi tí ìyá bá ti bímọ láìsí ìgbéyàwó, àyè orúkọ náà sábà máa ń ṣófo nínú atọ́ka náà, nítorí pé orúkọ ìdílé ìyá ni ọmọ fúnra rẹ̀ ń jẹ́.

Àpẹẹrẹ: Ìyá D. H. Lawrence

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan tí ó hàn sí gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò rántí D. H. Lawrence, tí ó kọ ìwé Sons and Lovers ní ọdún 1913, ìwé tí ó fi ìyá ara rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe ìyá inú rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1885 ni a bí i ní Eastwood, ní agbègbè Nottingham. Arthur Lawrence, awakùsà èédú, ni bàbá rẹ̀. Lydia Beardsall ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó wọ ilé ọkọ.

Bí a bá fi ìbí ọmọ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ Beardsall ni a ó bá jáde. Èyí yóò gbé wa lọ sí ìgbéyàwó tí ó wáyé ní Sneinton, ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1875. Níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà, George Beardsall ni a ó bá gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyàwó. Bí olùwádìí bá wá ń ti orí George lọ sọ́dọ̀ bàbá George, inú ìdílé ìyá ni ó ṣì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ìyá ìyá sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìbí Lydia fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ padà lọ wá: Ancoats ní Manchester, ọdún 1851. Ibẹ̀ ni a ti lè bá ìyá àgbà, Lydia Newton, ọmọ ìdílé kan tí ó wà nínú iṣẹ́ léèsì ní Nottingham. Ìbí, ìgbéyàwó, ìbí, ìgbéyàwó: bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ó bá fo ìbí kan, ó ti fo ìyá kan.

Ọ̀fìn méjì wà ní ojú ọ̀nà yìí. Èkíní ni pé ìyá àti ọmọ ń jẹ́ Lydia bákan náà, nítorí náà a ní láti kíyè sí ọjọ́ orí kí a lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ bí a bá bá wọn nínú ilé kan náà. Èkejì ni pé John Newton kan wà nínú ìdílé náà tí ó ń ṣe ohùn orin ìsìn ní Nottingham. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ka èyí tán kí ó so ìdílé náà mọ́ John Newton tí ó kọ Amazing Grace, tí ó ti kú ní ọdún 1807. Orúkọ kan náà, iṣẹ́ tí ó fara jọra, ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Lydia gbà pé ìdílé òun ga ju ti ọkọ òun lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. John Worthen, tí ó kọ ìtàn ìgbà èwe Lawrence jáde ní ọdún 1991, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ni George Beardsall ní ibùdó ọkọ̀ ojú omi ìjọba ní Sheerness. Ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1870, ìdílé náà sì padà sí Nottingham nínú àìní. Lydia tí ó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ kò lè tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà. A kò sọ pé obìnrin náà purọ́. Ìtàn tí ìyá ń sọ fún ọmọ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ìwé sì ní tirẹ̀. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ó má sì pa ọ̀kan dà nítorí èkejì.

Ìwé Ìkànìyàn

Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka ènìyàn láti ọdún 1801, àyàfi ọdún 1941 tí ogun ń lọ. Ti ọdún 1841 ni àkọ́kọ́ tí a ní orúkọ àwọn ènìyàn nínú rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dín ọjọ́ orí àgbàlagbà kù sí iye tí ó ṣeé fi márùn-ún pín, wọn kò sì sọ bí àwọn ará ilé ṣe bá ara wọn tan. Láti ọdún 1851 ni a ti ń rí ìbátan àti ìlú tí a bí oníkálukú sí. Fún ẹni tí ń wá ìyá, ìyá ìyàwó tí ó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ alẹ́ ni ìṣúra ibẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti onílé.

Ti ọdún 1911 ṣe pàtàkì ní tirẹ̀. Wọ́n bi obìnrin tí ó wà nílé ọkọ léèrè iye ọdún tí ó ti lò nínú ìgbéyàwó náà, iye ọmọ tí ó bí láàyè níbẹ̀, iye tí ó ṣẹ́kù àti iye tí ó ti kú. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ni wọ́n ṣe é. Lydia Lawrence ti kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejìlá ọdún 1910. Oṣù mẹ́rin péré ni kò jẹ́ kí ó dáhùn. Àwọn obìnrin kan wà láàyè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dáhùn, nítorí pé ìjọba kò fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ń fi ìwé ìkànìyàn pamọ́. Ti ọdún 1921 jáde ní ọdún 2022. Iná jó ti ọdún 1931 ní ọdún 1942. Ohun tí ó dí àlàfo náà ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe nígbà ogun ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Wọ́n ń lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọbìnrin bá lọ sílé ọkọ, wọ́n a fa igi lé orúkọ rẹ̀ àtijọ́, wọ́n a sì kọ tuntun lé e. Àwọn méjèèjì ṣeé kà papọ̀.

Ṣáájú Ọdún 1837

Lẹ́yìn èyí, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ló kù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1538. Nínú ìwé ìrìbọmi, àní lẹ́yìn tí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù fún un ní ọdún 1813, Mary aya William ni ìyá ń jẹ́, ó parí. Ìwé ìgbéyàwó nìkan ni ó lè fi orúkọ ìdílé Mary hàn. Ìwé ìpíngún bàbá Mary, tí àwọn ènìyàn ń pè ní wíìlì, a máa ràn wá lọ́wọ́ bí ó bá dárúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Ti obìnrin fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àyàfi opó tàbí ẹni tí kò lọ́kọ, nítorí kí òfin ọdún 1882 tó dé, aya kò lágbára láti fi ohun ìní sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Fọ́ọ̀mù Ìgbéyàwó

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, a so Aina, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Sarah Forbes Bonetta, pọ̀ mọ́ James Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọmọ Ẹ̀gbádò ni Aina. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni wọ́n kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní nǹkan bí ọdún 1848, nígbà tí wọ́n pa òbí rẹ̀. Ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ni Davies, Sierra Leone sì ni a bí i sí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi kọ ìgbéyàwó wọn kò yàtọ̀ sí ti Lydia Beardsall ní ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà: àyè fún bàbá méjì, kò sí fún ìyá.

Ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n fi orúkọ ìyá kún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Àtúnṣe náà kò kan ìwé àtijọ́. Ìyàwó tí ó ṣègbéyàwó kí ó tó di ọjọ́ náà, ìbí rẹ̀ ni a ó ṣì máa wá kiri kí a tó mọ ẹni tí ó bí i. Fún Aina, kò sí ìwé ìbí kankan tí a lè padà lọ wá ní Òkè-Ọ̀dàn.