Fíláàṣì Tí Ń Jí Kọ̀ǹpútà, àti Bí A Ṣe Ń Dá A Padà sí Ipò Rẹ̀

Ohun kékeré ni fíláàṣì. Kò gùn tó ìka ọwọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ń so ó pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé. Síbẹ̀, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ sí i tí ó yẹ kí a là yé ara wa. Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adeseun Ogundoyin Polytechnic tí ó wà níhìn-ín ní Èrúwà. Ó yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní fíláàṣì 16 GB kí ó fi gbé Windows tàbí Linux sórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fíláàṣì náà padà dé, kọ̀ǹpútà sọ pé mẹ́gábáìtì díẹ̀ ni gbogbo ààyè tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́; wọ́n sọ ọ́ nù, wọ́n sì ra òmíràn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́. Ààlà inú rẹ̀ ni a yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàì kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Windows 10 dúró. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, kò sì gba gbogbo kọ̀ǹpútà mọ́ra: ó ń béèrè ohun èlò ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àtijọ́ kò ní. Ẹni tí kò ní owó kọ̀ǹpútà tuntun lè gbé Linux sórí èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Fíláàṣì ni a fi ń ṣe é.

Kí ni kí a pe irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀? Bí a bá tẹ̀lé ìlànà èdè wa, ohun tí ó ń jí kọ̀ǹpútà yẹ kí ó jẹ́ ajíkọ̀ǹpútà; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé olè ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, fíláàṣì ìbẹ̀rẹ̀ ni n ó máa pè é.

Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, kò tíì mọ Windows, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ Linux. Ètò kékeré kan tí àwọn tí ó ṣe é ti fi sínú rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jí. BIOS ni orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àtijọ́, UEFI ni lórí ti òde òní. BIOS a máa ka báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí fíláàṣì. Bí ó bá rí àmì 55 AA ní ìparí wọn, ó gbà pé àṣẹ wà níbẹ̀ láti tẹ̀lé. UEFI ní tirẹ̀ a máa wá fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BOOTX64.EFI, nínú àpò EFI, lábẹ́ BOOT. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá kàn da fáìlì ISO sínú fíláàṣì bí ẹni da fọ́tò sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní jí. Ibi tí ó ń wò kọ́ ni a gbé e sí.

Àgbẹ̀ Ìbàràpá mọ iṣẹ́ tí pèrègún ń ṣe lóko. A kò gbìn ín fún jíjẹ. Òun ni ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ lágbájá parí sí, tí ti tàmẹ̀dò sì ti bẹ̀rẹ̀. Irú pèrègún bẹ́ẹ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíláàṣì: àkọsílẹ̀ kúkúrú tí ó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti tóbi tó. Nígbà tí a bá kọ Linux sórí fíláàṣì, a hú pèrègún àtijọ́, a sì gbin tuntun. Windows kò lè ka púpọ̀ nínú ìpín tuntun wọ̀nyí. Èyí kékeré tí UEFI ń lò nìkan ni ó mọ̀. Ilẹ̀ kò dín. Ẹni tí ó ń wo pèrègún nìkan ni yóò sọ pé ilẹ̀ ti tán.

Láti ṣe fíláàṣì ìbẹ̀rẹ̀, a ó gba fáìlì ISO láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ín gan-an, a ó sì lo ètò bíi Rufus, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. A ó yan fíláàṣì, a ó yan ISO. Bí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ jí bá jẹ́ ti BIOS, a ó yan MBR, bí ó bá sì jẹ́ ti UEFI, GPT. Gbogbo ohun tí ó wà nínú fíláàṣì tẹ́lẹ̀ ni yóò lọ, nítorí náà kí a ti kó wọn síbòmíràn ṣáájú. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà kò sì ní bátìrì, kí a má bẹ̀rù. A ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Láti dá a padà, fọ́máàtì tí a mọ̀ kò tó, nítorí ìpín kékeré yẹn nìkan ni yóò fọ́máàtì. Lórí Windows, a ó ṣí diskpart pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, a ó sì kọ list disk. Níbí ni kí a ti fara balẹ̀ jùlọ. Disk 0 sábà máa ń jẹ́ dísìkì inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, àṣẹ clean kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó dá a lójú. Kí a yọ gbogbo fíláàṣì mìíràn kúrò, kí a sì fi ìwọ̀n dá tiwa mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Disk 1, a ó kọ select disk 1, lẹ́yìn náà clean, create partition primary, format fs=exfat quick, àti assign, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Àwọn kan rò pé dídá fíláàṣì padà ni yóò dá iṣẹ́ tí ó sọnù padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó kọ Linux lé e, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án rárá. Ètò PhotoRec, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè wá fáìlì inú àwọn ibi tí ohun tuntun kò tíì bò mọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá sì rí, orí dísìkì mìíràn ni kí a kó o sí. Ibi tí ISO ti bò kò ní àtúnṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni clean tó kàn.

Ní ti exFAT tí mo mẹ́nu bà, kọ̀ǹpútà ni ó dára fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi fíláàṣì rẹ̀ gbọ́ orin nínú mọ́tò ní ọ̀nà Ìbàdàn lè rí i pé rédíò kò dá a mọ̀, nítorí FAT32 ni ọ̀pọ̀ wọn ń kà. Kí ó kọ fat32 dípò exfat nígbà náà, kí ó sì rántí pé fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó 4 GB kò ní wọ inú rẹ̀.