Ọkọ̀ fọ́ò-báì-fọ́ò yín ń dún "kò" lábẹ́? Ẹ yẹ kírọ́ọ̀sì wò kí ẹ tó ra gíábọ́ọ̀sì

Àwọn tó ń fi Hilux kó ẹrù oko gba ọ̀nà Alábàtà, níbi tí FUNAAB wà, mọ ìró yìí dáadáa: bí awakọ̀ bá ti ki ọkọ̀ sí jíà, "kò!" lábẹ́. Ọ̀pọ̀ á ní gíábọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ kírọ́ọ̀sì lásán, ìyẹn oríkèé tó so pùrọ̀pẹ́là mọ́ dífù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi igi há táyà, ẹ fa háńbíréèkì, kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò ní jíà. Kí mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, kó máa yí pùrọ̀pẹ́là ẹ̀yìn síwá sẹ́yìn.

Ó máa yí díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, torí eyín jíà kì í fún mọ́ra pátápátá. Ṣùgbọ́n bí apá kan kírọ́ọ̀sì bá yí tí apá kejì ò tíì yí, kírọ́ọ̀sì ti jẹ nìyẹn. Ìpẹtà pupa létí rẹ̀ náà ń fi hàn pé gíríìsì ti tán. Bí kírọ́ọ̀sì bá le, àmọ́ tí pùrọ̀pẹ́là ń yí gan-an kí dífù tó gbà á, inú dífù ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Ẹ má gbàgbé pùrọ̀pẹ́là iwájú. Òun náà ní kírọ́ọ̀sì tirẹ̀.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Bí kírọ́ọ̀sì bá já lórí eré, pùrọ̀pẹ́là lè já bọ́, kó gún ilẹ̀, kó sì dojú ọkọ̀ dé. Bí ẹ bá sì ti kúrò nínú ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ dé orí ọ̀dà gbígbẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò ní fọ́ò-báì-fọ́ò: iwájú àti ẹ̀yìn á máa fa ara wọn, kírọ́ọ̀sì ló sì máa jìyà ẹ̀.