Ta Ni Èrè AI Máa Bọ́ Sí Lọ́wọ́?

 Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ló kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ló ń ṣe: ìwé ìlera, ìkìlọ̀ ìjọba, ìpolówó ọjà, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ó ní: "Ẹ kú ilé, sà. Àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún mi ní AI ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ báyìí, èmi á kàn máa tún un ṣe, ìdámẹ́ta owó tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ máa san. Sà, àtúnṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àkókò tó kí n túmọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ṣé kí n kúkú wá iṣẹ́ mìíràn ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kàn ju òun nìkan lọ, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àjọ IMF ṣírò pé AI máa kan nǹkan bí 40% iṣẹ́ lágbàáyé: 60% ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, 26% ní àwọn tí kò lówó. Àwọn kan rí 26% yìí, wọ́n ní a ti bọ́. Lóòótọ́, AI kò ní bá fọkanáísà lẹ táyà, kò ní bá olóúnjẹ ro àmàlà, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló sì pọ̀ jù nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ orí tábìlì, tí àwọn òbí ń ta ilẹ̀ kí ọmọ lè dé ìdí rẹ̀, òun gan-an ni AI mọ̀ ọ́n ṣe jù. "Kàn" kì í ṣe "parun" o. Ẹ̀rọ lè mú iṣẹ́ ẹnìkan yá, kó sì sọ owó ẹlòmíràn di yẹpẹrẹ.

Àwọn ahunṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń ran òwú ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, láti àwọn ọdún 1760 lọ. James Hargreaves àti Richard Arkwright ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ṣe é. Òwú wá pọ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń hunṣọ. Ọwọ́ ahunṣọ kún fún iṣẹ́, owó ń wọlé. Ẹni tó bá sọ nígbà yẹn pé ọ̀rẹ́ ahunṣọ ni ẹ̀rọ, kò purọ́.

Edmund Cartwright gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń hunṣọ ní 1785. Kò tètè dára. Ó tó bí ọgbọ̀n ọdún kó tó tàn kálẹ̀. Ní àwọn ọdún 1820, àwọn tó ń fi ọwọ́ hunṣọ lé ní 200,000. Wọn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń hun ún lọ, owó ń dín kù lọ́dọọdún, nítorí ẹ̀rọ ló ń sọ iye tí aṣọ máa jẹ́ lọ́jà. Iṣẹ́ kò tán lọ́wọ́ wọn. Owó ló tán nínú iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọrọ̀ ajé Gẹ̀ẹ́sì ń gòkè lásìkò yẹn kan náà! Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Robert Allen ti fi hàn pé ìran méjì òṣìṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan jẹ nínú ìgòkè náà.

Kí ni ìjọba ṣe? Ní 1812, wọ́n ṣòfin pé ẹni tó bá fọ́ ẹ̀rọ lè kú sí i. (Akéwì Byron dìde ta kò ó níwájú àwọn olóyè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kò dá a lóhùn.) Láti 1799 títí di 1824, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ láti bèèrè owó tó pọ̀ sí i.

Ẹ lè ní ṣebí ahunṣọ Ìsẹ́yìn ṣì wà. Ó wà, torí ẹni tó ń ra aṣọ òfì, iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ló fẹ́ rà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ìrànwú fún akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí. Ó mú un yára, owó wà ńbẹ̀. AI ni ẹ̀rọ ìhunṣọ.

Ní ti ìdàgbàsókè, báǹkì Goldman Sachs sọ ní 2023 pé AI lè fi 7% kún ọrọ̀ ajé àgbáyé láàárín ọdún mẹ́wàá. Daron Acemoglu ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní 2024, ó ní ohun tí AI máa fi kún bí iṣẹ́ ṣe ń méso jáde láàárín ọdún mẹ́wàá kò ní tó 1% rárá. Ti Acemoglu ni mo gbà. Ẹ̀rọ tí kò ṣe iṣẹ́ dáadáa ju ènìyàn lọ, tó kàn dínwó díẹ̀, kì í dá ọrọ̀ sílẹ̀. Ó kàn ń kó owó láti àpò kan sí òmíràn ni. Bí AI bá kọ "ọkọ̀" níbi tí "ọkọ" yẹ kó wà, tí ọmọ wa jókòó tún un ṣe fún ìdámẹ́ta owó, ta ni ọrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún?

Ìjọba wa gbé àkọsílẹ̀ ìlànà AI jáde ní 2024, wọ́n sì ń fi ètò 3MTT kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n fojú sùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ṣẹ́ tán, ta ni yóò ra iṣẹ́ rẹ̀? Ìjọba fúnra rẹ̀ ni oníbàárà tó tóbi jù. Kí wọ́n pa á láṣẹ pé ìwé ìlera tàbí ìwé ìdìbò èyíkéyìí ní èdè wa gbọ́dọ̀ ní orúkọ ògbufọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ ní kíkún. Owó rẹ̀ ńkọ́? Òfin ìnáwó ọdún 2019 ti ṣílẹ̀kùn fún gbígba owó orí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ń pawó lọ́wọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ọ́fíìsì níbí. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀.

Èsì tí mo fún un ni pé kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó má sì gba ìdámẹ́ta. Wákàtí ni kó máa fi díye lé àtúnṣe. Mo tún ní kó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ fẹnu kò sí iye kan.  Alẹ́ àná ló pè mí padà. Àwọn mẹ́fà ti para pọ̀. Oníbàárà kan ti gbà. Èkejì kò tilẹ̀ fèsì, ó ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.